Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí mo ṣe gbé apticron sórí sáfà, àti ohun tí ojú mi rí kí n tó lè yọ ọ́ kúrò

Sáfà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Debian 12, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀yà tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: dátábéèsì PostgreSQL kan, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń lò ó, àti script kan tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lóru. Èmi àti àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ la jọ ń bójú tó o. Inú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ ni mo ti ṣa ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, mo kàn tún wọn tò kí ẹlòmíràn lè rí i kà ni. Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní package, ìyẹn ètò tí a dì pọ̀ kí a lè gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹrù ni mo ń pè é.

Ọjọ́ kìíní, òwúrọ̀

Ohun tó bí iṣẹ́ náà nìyí. Mo wọ sáfà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, mo tẹ `apt update` (apt ni irinṣẹ́ tí Debian fi ń gbé ẹrù wọlé), ó ní ẹrù mọ́kànlélógójì ló ń dúró de update. Mọ́kànlélógójì! Openssl, tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà nínú wọn. Ojú tì mí. Ẹni tó ń bójú tó sáfà tí kò mọ̀ pé openssl òun ti gbó, kí ló fi sàn ju ọlọ́dẹ tó ń hanrun lẹ́nu géètì lọ?

Mo fẹ́ kí nǹkan kan máa ta mí lólobó. Kì í ṣe kí ó bá mi ṣe é o. Kí ó ṣáà ti sọ fún mi, èmi á fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Apticron ni mo mú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, á bi apt léèrè ohun tó ti yí padà, á to orúkọ àwọn ẹrù tí ẹ̀yà tuntun wọn ti dé, á wá fi ímeèlì ránṣẹ́. Kì í gbé ẹrù kankan sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

`apt install apticron`

Mi ò ka ohun tí apt kọ sójú ẹ̀rọ kí n tó tẹ Y. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Apticron fúnra rẹ̀ kò ju script kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n ó nílò ohun tí yóò fi kọ lẹ́tà, ìyẹn bsd-mailx. Bsd-mailx náà nílò ẹni tí yóò bá a gbé lẹ́tà lọ, Debian sì ti pinnu pé exim4 ni, àfi bí o bá ti yan ẹlòmíràn sílẹ̀. Exim4 kó exim4-base, exim4-config àti exim4-daemon-light dání. Apt-listchanges tẹ̀lé wọn wọlé, òun ló ń ka àkọsílẹ̀ àyípadà tó wà nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Àlejò kan ṣoṣo ni mo pè, ó kó tọmọtaya dé.

Mo tẹ `ss -ltn` láti wo ohun tó ń gbọ́ lórí ẹ̀rọ. Pọ́ọ̀tì 25, ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà, ti ṣí. Kò tíì burú, nítorí orí 127.0.0.1 àti ::1 nìkan ló ti ń gbọ́, ará ìta kò lè kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: "pọ́ọ̀tì 25, exim ló ni ín." Ìlà kan yẹn wúlò fún mi lẹ́yìnwá ju gbogbo ìyókù lọ.

Ọjọ́ kìíní, ọ̀sán: lẹ́tà tó jáde tí kò dé ibì kankan

Lórí ẹ̀rọ tèmi, inú `/usr/lib/apticron` ni fáìlì àpẹẹrẹ wà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi dà á kọ sí `/etc/apticron`. Ìlà kan péré ni mo yí padà níbẹ̀, EMAIL, tí mo kúrò ní "root" (alábòójútó àgbà ẹ̀rọ) lọ sí àdírẹ́sì tí àwa méjèèjì jọ ń kà. Mo pe apticron. Ó ronú díẹ̀, ó parí, kò wí nǹkan kan. Mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ímeèlì kò dé.

`mailq` ní kò sí lẹ́tà kankan tó ń dúró. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà, torí mo rò pé bí lẹ́tà kò bá dúró, á jẹ́ pé ó ti lọ nìyẹn. Mo ṣí `/var/log/exim4/mainlog`, mo rí ìlà tó ní àmì ìràwọ̀ méjì:

`R=nonlocal: Mailing to remote domains not supported`

Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn apticron ni exim bá wọlé, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn fi ara rẹ̀ sí ipò "local" ni, ìyẹn ni pé láàárín ẹ̀rọ yìí nìkan ló lè fi lẹ́tà jíṣẹ́. Ó kọ lẹ́tà mi, ó sì fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́ padà sí root. Níbo wá ni lẹ́tà root wà? Bí kò bá sí ẹni tí a yàn láti máa gba lẹ́tà root nínú `/etc/aliases`, inú `/var/mail/mail` ni exim ti Debian máa ń kó wọn sí. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí! Ohun tí mo gbé wá kí ó máa sọ̀rọ̀ fún mi ti sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Inú kànga ló sọ ọ́ sí.

Ọjọ́ kejì: àmì kan tàbí àmì méjì

`dpkg-reconfigure exim4-config`. Mo kọ́kọ́ yan ipò tí sáfà á ti máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ tààrà fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, `mailq` rí lẹ́tà, ó ń dúró, lọ́ọ̀gì sì ń pariwo "Connection timed out". Ilé iṣẹ́ tí a yá sáfà lọ́wọ́ wọn ti dí pọ́ọ̀tì 25 tó ń jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn tó ń yá sáfà láti fi da ìpolówó sínú àpótí ímeèlì ẹni ẹlẹ́ni, mi ò sì lè bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni kí exim gbé lẹ́tà fún sáfà ímeèlì wa gidi lórí pọ́ọ̀tì 587, kí ìyẹn wá bá a gbé e lọ. Mo kọ orúkọ sáfà náà, mo fi `:587` sí i. Ó tún lọ sí pọ́ọ̀tì 25. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un kọ, ó tún lọ sí 25. Nǹkan bí wákàtí kan gbáko ni mo fi ń bá a fà á kí n tó rántí pé àmì `:` ni exim fi ń pín orúkọ kúrò lára orúkọ. Lójú tirẹ̀, sáfà méjì ni mo dárúkọ fún un: ọ̀kan ń jẹ́ sáfà ímeèlì wa, èkejì ń jẹ́ 587. Àmì méjì ló yẹ kí ó wà níbẹ̀:

`dc_smarthost='mail.example.org::587'`

Àmì kan péré o. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sínú `/etc/exim4/passwd.client`, mo fi ìràwọ̀ sí ipò orúkọ sáfà nítorí orúkọ tí mo mọ̀ ọ́n sí kò bá èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ ń jẹ́ gan-an mu. Lẹ́tà dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Orúkọ sáfà àti àdírẹ́sì rẹ̀ ló ṣíwájú, orúkọ ẹrù àti ẹ̀yà wọn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àkọsílẹ̀ ohun tó yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, níparí àṣẹ tí mo lè fi ṣe update náà. Ó dùn mọ́ mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, àní títí kan ti tzdata.

Ọjọ́ kẹta: àkókò

Ìlà tí apticron kọ sínú `/etc/cron.d/apticron` fún cron, ètò tó ń pe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá, nìyí:

`17 * * * * root if test -x /usr/sbin/apticron; then /usr/sbin/apticron --cron; else true; fi`

Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, cron á kanlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n `--cron` ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún yẹn, ìgbà tí mo gbé e wọlé ló ṣà á yàn, kí gbogbo ẹ̀rọ tó ń lò ó má baà ya bo sáfà Debian lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí lẹ́tà náà wà nílẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ gan-an, kí n rí i kí iṣẹ́ ojúmọ́ tó gba ọkàn mi. Mo fi `#` sí iwájú ìlà tiwọn, mo lọ kọ tèmi sínú crontab root:

`30 6 * * * /usr/sbin/apticron`

Mo rántí pé mo wo `test -x` tiwọn, mo rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ènìyàn á máa wò ó ní wákàtí wákàtí bóyá nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀? Mi ò kọ ọ́ sínú tèmi.

Oṣù kejì sí ìkarùn-ún

Kò sí ohun púpọ̀ nínú ìwé mi fún oṣù wọ̀nyí, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀. Oṣù kìíní, lẹ́tà dé, mo kà á, mo ṣe update. Oṣù kejì, àbúrò mi ní kí a fi unattended-upgrades sí i kí update ti ààbò máa wọlé fúnra rẹ̀, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí lẹ́tà apticron bá fi máa sọ fún mi láàárọ̀ pé openssl tuntun dé, kì í pẹ́ tí unattended-upgrades á ti gbé e sí i, ìgbà mìíràn wà tó ti gbé e sí i kí n tó jí pàápàá.

Ohun tó wá ń kù nínú lẹ́tà lójoojúmọ́ ni postgresql-15. Àwa la fi `apt-mark hold` dì í mú, nítorí a kò fẹ́ kí dátábéèsì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí a kò sí níbẹ̀. Ìṣe apticron sì ni pé á ka ẹrù tí a dì mú mọ́ àwọn ìyókù, àfi bí o bá kọ `NOTIFY_HOLDS="0"`. Lójoojúmọ́ ayé yìí: postgresql-15, postgresql-client-15. Ó tún ń gbé àwọn ẹrù náà wálẹ̀ sínú `/var/cache/apt/archives`, nítorí inú ẹrù ló ti ń ka àkọsílẹ̀ àyípadà.

Mo mọ̀ nípa `DIFF_ONLY="1"` náà, tó jẹ́ pé kìkì ohun tó yàtọ̀ sí ti àná ni á sọ. Mi ò tàn án. Ìdí mi ni pé lẹ́tà tó sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí o kò bá rí i lọ́jọ́ náà, ó ti lọ nìyẹn. Mo ṣì rò pé ìdí náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe dípò rẹ̀ burú jù ú lọ: mo ní kí ímeèlì máa kó gbogbo lẹ́tà apticron lọ sínú fódà kan. Nígbà tí mo bi àbúrò mi, òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò kàn sọ fún mi ni.

Ọjọ́ tí a rí kernel

Àbúrò mi ló kọ̀wé sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ `uname -r` lórí sáfà yẹn. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kernel, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni 6.1.0-21. Mo tẹ `dpkg -l 'linux-image-*'`. Èyí tó tuntun jù níbẹ̀ ni 6.1.0-25. Kernel tuntun ti dé, a ti gbé e sórí dísìkì, òmíràn tún ti dé lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ti àtijọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ látìgbà náà torí pé ẹnikẹ́ni kò pa sáfà náà kí ó tún un tàn.

"Ṣé lẹ́tà kò sọ ọ́ ni?" mo bi í.

"Kò lè sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ní ti apticron, kò sí ohun tó ń dúró de update."

Òótọ́ ni. Mo ṣí fódà yẹn láti wádìí ara mi: lẹ́tà mẹ́tàlélógóje tí ẹnikẹ́ni kò kà. Mo ka bí ogún nínú wọn. Kò sí irọ́ kankan nínú wọn, kò sì sí ohun tí a nílò. Ohun tí apticron ń bi apt ni pé, "Ẹrù wo ló ní ẹ̀yà tuntun tí kò tíì wọlé?" Kernel ti wọlé ní tirẹ̀. Bí library (kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) bá ti yí padà lórí dísìkì, tí ètò tó ń lò ó kò tíì tún bẹ̀rẹ̀, ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìrántí rẹ̀, lójú apt sì rèé, ó ti parí. Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bèèrè ti kúrò ní "kí ló dé?" láti ìgbà tí a ti fi unattended-upgrades sí i. Ó ti di "kí ló ti wọlé tí kò tíì ṣiṣẹ́?" Irinṣẹ́ mìíràn ló ń dáhùn ìyẹn. Mo gbé needrestart sí i lọ́jọ́ náà, ó to orúkọ ètò mẹ́fà tó ń lo library tó ti gbó. A pa ẹ̀rọ náà, a tún un tàn lálẹ́.

A wá fẹnu kò pé apticron á lọ.

Ìyọkúrò, ìgbà kìíní

`apt remove apticron`

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mo lọ sùn.

Láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, lẹ́tà dé láti orí sáfà náà. Kò wọ inú fódà, àpótí ímeèlì gan-an ló bọ́ sí, nítorí àkọlé rẹ̀ yàtọ̀:

`/bin/sh: 1: /usr/sbin/apticron: not found`

Crontab tèmi ni. Cron lọ pe apticron ní àkókò tí mo dá fún un, kò bá a nílé, ó wá kọ lẹ́tà sí mi láti fẹjọ́ sùn. Láti bí oṣù mẹ́ta, èyí ni lẹ́tà àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo kà tọkàntọkàn, ohun tó sì ń sọ fún mi ni pé òun kò sí mọ́. Mo rántí `test -x` tí mo fi rẹ́rìn-ín. Fáìlì tiwọn nínú `/etc/cron.d` ṣì wà níbẹ̀, nítorí `remove` kì í fọwọ́ kan fáìlì ètò inú `/etc`, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní mi ò fi `#` síwájú rẹ̀, ṣe ni ì bá wò ó, tí kò bá bá ẹnikẹ́ni, á kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan á tẹ `remove`.

Mo pa ìlà mi rẹ́ nínú crontab. Mo tẹ `dpkg -l | grep '^rc'`, apticron wà níbẹ̀: r, wọ́n ti yọ ọ́, c, fáìlì ètò rẹ̀ ṣì ń bẹ.

Ìyọkúrò, ìgbà kejì: àwọn ẹbí

`apt purge apticron` ló kó ìyẹn lọ. Fáìlì tí mo fọwọ́ ara mi dà kọ sí `/etc/apticron` ni mo lọ yẹ̀ wò lọ́tọ̀, torí ohun tí dpkg kò bá gbé síbẹ̀, má fọkàn tán an pé á bá ọ gbé e lọ.

Ó wá ku exim àti àwọn tó bá a wá. Apt ti ń sọ fún mi pé a kò nílò wọn mọ́, pé kí n tẹ `apt autoremove`. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo ti kọ́gbọ́n díẹ̀ nígbà yẹn, mo fi `-s` sí i kí ó kàn ṣàfihàn ohun tó fẹ́ ṣe, mo sì fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná! Ẹ má yọ bsd-mailx."

"Kí ló dé?"

"Script ẹ̀dà ìpamọ́ ń lò ó. Bí iṣẹ́ òru bá kùnà, àṣẹ `mail` ló fi ń pè mí."

Ìgbà wo ló kọ ọ́? Oṣù kẹta. Ó wọ sáfà, ó tẹ `mail`, ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó lò ó. Kò ṣẹ̀. Kò sí ohun tó fi hàn án pé ẹ̀yìn apticron ni `mail` bá wá, kò sì sí ohun tó fi han apt pé script kan nínú `/usr/local/bin` ti gbára lé e. Ẹrù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni apt mọ̀. Ká ní mo tẹ Y, ẹ̀dà ìpamọ́ á máa lọ bó ṣe ń lọ, títí di òru tó bá kùnà, a ò sì ní gbọ́.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lọ wo àkọsílẹ̀ apt fúnra rẹ̀, `/var/log/apt/history.log`. Oṣooṣù ni wọ́n ń ká a kúrò nílẹ̀, ti oṣù méjìlá ló sì máa ń wà níbẹ̀, nítorí náà inú ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti fún pọ̀ ni tèmi wà:

`zgrep -A 3 'apt install apticron' /var/log/apt/history.log.*.gz`

Ó yọ síta: ọjọ́ àti wákàtí, àṣẹ tí mo tẹ̀, àti gbogbo ẹrù tó wọlé lọ́jọ́ náà, tí a kọ "automatic" sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí mi ò fẹnu ara mi pè. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi ara mi pé, ta ló tún ń lò ó? `grep -rnw mail /usr/local/bin /etc/cron*` fún ti bsd-mailx: script ẹ̀dà ìpamọ́ nìkan ló jáde. Mo tẹ `apt-mark manual bsd-mailx`, kí apt mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ òrukàn mọ́.

Apt-listchanges, mo yọ ọ́. Nínú `/etc/apt/apt.conf.d/20listchanges` ló ti ń dá sí iṣẹ́ apt, tó sì ń kọ lẹ́tà sí root nígbà tí mo bá ń ṣe update, tí mi ò mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ní ti exim, a kò lè ṣe láìní ẹni tó ń gbé lẹ́tà, ṣùgbọ́n a kò nílò odidi ilé ìfìwéránṣẹ́. Msmtp-mta ló rọ́pò rẹ̀: kì í gbọ́ lórí pọ́ọ̀tì kankan, á kàn gba lẹ́tà, á fà á lé sáfà ímeèlì wa lọ́wọ́, ó parí. Ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ nínú `/etc/msmtprc`, tí mo tì pa sí 600 nítorí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé e wọlé ni apt yọ exim4-daemon-light fúnra rẹ̀, torí àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀. Mo wá purge exim4-base àti exim4-config.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí

Unattended-upgrades ló ń ṣe update ti ààbò, `MailReport` rẹ̀ sì wà ní "only-on-error". Bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, kí ó dákẹ́.

Fún ti kernel, tí ẹrù unattended-upgrades bá wà lórí Debian, ó máa ń dá fáìlì kan sílẹ̀, `/var/run/reboot-required`, nígbà tí kernel tuntun bá wọlé. Inú ìrántí ẹ̀rọ ni fáìlì náà ń gbé, nítorí náà bí o bá ti pa ẹ̀rọ tí o tún un tàn, á pòórá láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án. Mo kọ script onílà méjì sínú `/etc/cron.daily`:

`#!/bin/sh`
`test ! -e /var/run/reboot-required || find /var/run/reboot-required -mtime +2`

Bí fáìlì náà bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀, find á dárúkọ rẹ̀, cron á sì fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́. Bí kò bá tíì pé, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí lẹ́tà. Láìsí `test ! -e`, find ì bá máa ráhùn lójoojúmọ́ pé òun kò rí fáìlì. Lọ́tẹ̀ yìí mo rántí. Ohun tí mi ò rántí ni pé cron.daily kì í ka fáìlì tí àmì ìdánudúró bá wà nínú orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní `wo-kernel.sh`, ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí kò ṣiṣẹ́ rárá, kí n tó gé `.sh` kúrò.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: `dpkg -l | grep '^rc'`, òfo. `crontab -l`, òfo. `ss -ltn`, pọ́ọ̀tì 25 ti padà sí bó ṣe wà lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Mo ní kí àbúrò mi mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀dà ìpamọ́ jẹ́ lóru ọjọ́ kan kí a lè wò ó, lẹ́tà sì dé.

Ó ku fáìlì kan, `/var/mail/mail`. Mo ṣí i kí n tó pa á rẹ́. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ọjọ́ kìíní ló wà lókè pátápátá, lẹ́tà tí apticron kọ́kọ́ kọ sí mi sì wà nínú rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú ẹrù mọ́kànlélógójì.